Ọpọlọ Aránṣọ Nínú Àwo Kékeré

Ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn ni ọ̀rọ̀ náà ti bá aránṣọ. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò tán ni. Ó ní ojú iṣẹ́ abẹ ti jinná, wárápá tó ti ń gbé e ṣánlẹ̀ láti ìgbà tó ti bí àbíkẹ́yìn rẹ̀ kò sì padà wá mọ́. Inú obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ ń dùn bí wọ́n ṣe ń lọ ilé. Wẹ́dà, ẹni tó ń jó irin pọ̀, ni ọkọ yìí, aláwàdà pọ́ńbélé sì ni.

"Ìyàwó mi," ó wí, "ibi tí wọ́n gé kúrò lọ́pọlọ ẹ yẹn, ó jọ pé ibẹ̀ lo fi ń bínú sí mi tẹ́lẹ̀. Wọn ì bá ti gé e tipẹ́!"

Bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín ni ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó wọ ẹ̀wù funfun sáré bá wọn, ó kúnlẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Èmi ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n fa ọpọlọ tí wọ́n gé lórí yín lé lọ́wọ́. Ẹ ṣeun gan-an. Wọ́n ń ṣe dáadáa o!"

"Àwọn wo ló ń ṣe dáadáa?"

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì yín, mà. Wọ́n ṣì wà láàyè."

Báàgì já bọ́ lọ́wọ́ aránṣọ. Lóòótọ́, nígbà tí iṣẹ́ abẹ ku ọ̀la, ẹnì kan bi í bóyá wọ́n lè fi èyí tí wọ́n bá gé kúrò ṣe ìwádìí. Ó ní kí wọ́n máa mú un lọ. Lójú tirẹ̀, bí àjákù aṣọ tó bọ́ lẹ́nu àlùmọ́gàjí ni. Ta ló gbọ́ rí pé àjákù aṣọ ń mí?

"Mú mi débẹ̀," ó wí.

"Kí la fẹ́ lọ wò? Jẹ́ ká máa lọ ilé jàre," ni ọkọ rẹ̀ wí, ṣùgbọ́n obìnrin náà ti kọjá lọ. Òun náà bá tẹ̀ lé wọn.

Yàrá náà kò fẹ̀ ju ilé ìdáná lọ. Lórí tábìlì, àwo pẹlẹbẹ kan wà nínú ẹ̀rọ tó ń mú un lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwo náà kò ju ìdérí ìgò lọ, wáyà pupa sì wé mọ́ ọn yíká. Onímọ̀ tan kọ̀ǹpútà. Ìmọ́lẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lójú rẹ̀, ọ̀kan níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Ó ṣí sípíkà, wọ́n sì gbọ́ ọ: pà… pàpà… pà, bí òjò tó ń kán sórí páànù.

"Sẹ́ẹ̀lì kan ló ń bá èkejì sọ̀rọ̀ yẹn, mà."

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

"A ò mọ̀."

"Ṣé ọ̀rọ̀ mi ni wọ́n ń sọ lẹ́yìn mi ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Onímọ̀ ṣàlàyé pé agbára iná àti òòfà máa ń jáde lára wáyà tí iná mànàmáná ń gbà kọjá, pé ohun tó ń ṣe fún sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ èèyàn làwọn ń wádìí. "Ẹ wò ó," ó wí, ó tẹ súìṣì.

Lákọ̀ọ́kọ́, kò sí ìyàtọ̀. Nígbà tó yá, àwọn ìmọ́lẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yára, wọ́n ń yára sí i, àfi gbàgà tí gbogbo wọn tàn lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n kú lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n tún tàn. Pàá! Pàá! Pàá!

Aránṣọ gan síbi tó dúró sí. Ó mọ nǹkan yìí. Bó ṣe máa ń mú un nìyẹn: gbogbo inú orí á pariwo pọ̀, ilẹ̀ á sì gbéra wá pàdé rẹ̀. Ó di etí tábìlì mú, ó ń retí ìṣubú. Ọkọ rẹ̀ ti gbá a mú látẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kò ṣe é. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Wárápá ń mú un lórí tábìlì, òun sì wà lórí ìdúró, ó ń wò ó!

"Pa á!" ó kígbe. "Mo ní kó o pa á!"

Onímọ̀ pa á kíá. "A ò rí irú èyí rí, mà. Tàwọn yòókù kì í ṣe báyìí."

"Ṣé ó ń dùn wọ́n?"

"Rárá, mà. Odindi ọpọlọ ló ń mọ ìrora. Àwọn yìí ò tó bẹ́ẹ̀."

Wẹ́dà wá lanu. "Agbára tó o tàn yẹn, báwo ló ṣe pọ̀ tó?"

"Ó ju tinú ilé lọ dáadáa, sà. Bíi tẹni tó sún mọ́ wáyà tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀."

Ọwọ́ ọkùnrin náà lọ sí èjìká rẹ̀. Ibẹ̀ ló máa ń gbé wáyà iṣẹ́ rẹ̀ kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí, láti ìgbà tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́.

"Ṣé orí tèmi náà ti…?"

"Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀, sà. Sẹ́ẹ̀lì inú àwo ò ní agbárí tó bò ó, àwọn yìí sì ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀. A ò tíì mọ̀. Àmọ́ ẹ má gbé wáyà kọ́ èjìká mọ́." Ó kọjú sí aránṣọ. "Tẹ́ ẹ bá ní ká dáwọ́ dúró, mà, a máa dáwọ́ dúró."

"Ẹ dáwọ́ dúró!" ni ọkọ wí.

"Ṣé orí tìẹ ni?" Aránṣọ wo ọkọ rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó wá kọjú sí onímọ̀. "Ẹ máa bá a lọ. Ẹ wò ó títí ẹ ó fi mọ ohun tí wáyà ń ṣe fún orí èèyàn. Ọkọ kan ṣoṣo ni mo ní."

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà ni onímọ̀ pè é lórí fóònù. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà ti kú. Wọn kì í pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú àwo. Ìwádìí kò tíì fìdí kan múlẹ̀, ti ẹlòmíràn ni wọn yóò fi máa bá a lọ.

Aránṣọ gbé fóònù sílẹ̀, ó sì bú sẹ́kún. Ó yà á lẹ́nu gidi. Kí ló ń pa á lẹ́kún? Ara rẹ̀ le, orí rẹ̀ pé. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ wọlé bá a nídìí máṣíìnì. Nígbà tó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó fẹ́ bá a kẹ́dùn. Ta ni èèyàn ń kí, nígbà tó jẹ́ ara ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ ló kú?

Ó jókòó tì í. "Kú ará-fẹ́ra-kù," ó wí jẹ́jẹ́. Kò fi ṣàwàdà.

"O ṣeun," ni aránṣọ dáhùn.