Bí Ìpáàrà Ṣe Mú Pákó ní Ìlú Orí Tábìlì

Ìlú kan wà tí kò fẹ̀ ju tábìlì kan lọ, torí pé orí tábìlì gan-an ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí. Ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ni fèrèsé wà. Ní ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni àpótí onígíláàsì wà, níbi tí gbogbo ọkọ̀ tí ìlú náà ti kàn láti ọdún pípẹ́ tò sí lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn irinṣẹ́ ló ń gbé ibẹ̀, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sì mọ̀. Lọ́dọọdún, wọn a kan ọkọ̀ kékeré kan tí yóò jọ ọkọ̀ ńlá ojú títì, débi pé bí èèrà bá gun orí rẹ̀, yóò máa wá ibi tí kọ̀ńdọ́ wà.

Ọba Ẹ̀mú ló ń jọba lé wọn lórí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, kò sì sí ohun tó kéré jù fún un láti gbé. Baba Rúlà, àgbà onírin, ni olùtọ́jú òfin. Abẹ ló ń gé, Góòmù Funfun tí kì í kánjú ló ń so nǹkan pọ̀. Ẹni tó kéré jù nínú ìgbìmọ̀ ni Fínnífínní, búrọ́ọ̀ṣì onírun mẹ́ta, tí ojú rẹ̀ mú ju ti gbogbo wọn lọ. Òun ló ń kọ nọ́ńbà sí ìdí ọkọ̀, òun ló ń kun ojú iná, àwọn iṣẹ́ tí ó jẹ́ pé ẹni tó bá mí sókè níbẹ̀ ti bà á jẹ́.

Òfin méjì ló gbé ìlú náà ró. Ohunkóhun tó bá wà lára ọkọ̀ ńlá, wọn a pín in sí ọ̀nà mẹ́rìnlélógún, wọn a sì mú ẹyọ kan. Wọn kò gbọdọ̀ mú ẹyọ kan àbọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ọ̀dà tàbí góòmù kan ọkọ̀ bí kò bá tíì kọ́kọ́ fi kan ṣíbí ike, kí ṣíbí náà gbẹ, kí ìgbìmọ̀ sì wò ó nínú oòrùn. Ìdí nìyẹn tí òkìtì ṣíbí aláràbarà fi wà ní igun tábìlì náà. Àlejò tí kò bá mọ ìdí rẹ̀ á rò pé ọ̀jẹun ni gbogbo ìlú.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, bọ́lẹ̀kájà ni wọ́n ń kàn, ọkọ̀ èrò àtijọ́ tí imú rẹ̀ jẹ́ irin, tí gbogbo ara rẹ̀ tó kù jẹ́ pákó, tí gíláàsì iwájú rẹ̀ sì pín sí méjì, òsì àti ọ̀tún. Fínnífínní ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú yàrá dẹ́rẹ́bà. Ó kun tìmùtìmù tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó kun aṣọ ìnujú tí dẹ́rẹ́bà so mọ́ ìdí ọwọ́ ọkọ̀, ó sì fi ìlà bulúù méjì sí etí aṣọ náà. Inú gíláàsì méjèèjì yẹn nìkan ni ojú lè gbà rí iṣẹ́ yìí títí ayé. Ike tó mọ́ bí omi ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ẹyọ méjì péré ló sì bá ọkọ̀ náà wá. Bí wọ́n bá bàjẹ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta Fínnífínní ti wọ òkùnkùn nìyẹn.

Oṣù tí iṣẹ́ ń lọ geerege ni Fóònù dé. Wọ́n fi í ti agolo ọ̀dà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Fóònù fúnra rẹ̀ kò burú. Ẹnu rẹ̀ ni kì í pa dé. Láti inú rẹ̀ ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Àgbà Mọ́tò ti ń kọ́ gbogbo tábìlì ayé bí wọ́n ṣe ń kan ọkọ̀. Bí ó bá ti sọ̀rọ̀ tán, àwọn tó ń wò ó a na àtàǹpàkò sókè, ọ̀kẹ́ méjì àtàǹpàkò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọba Ẹ̀mú, tí ìka méjì péré jẹ́ gbogbo ara rẹ̀, a máa wo àwọn àtàǹpàkò wọ̀nyí bí ẹni tí ebi ń pa.

Ẹni tó jókòó ti Fóònù, tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ìlú, ni Súpágúlù, góòmù inú ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Mú-un-Kíá. Kò pẹ́ tí ó fi di pé bí ẹnìkan bá fẹ́ bá ọba sọ̀rọ̀, ọ̀dọ̀ Mú-un-Kíá ni yóò kọ́kọ́ yà.

Ìmọ̀ràn àkọ́kọ́ ni pé kí wọ́n gbẹ́ ìlà etí ilẹ̀kùn jinlẹ̀, kí wọ́n sì fẹ̀ ẹ́, kí ó lè hàn nínú fọ́tò. Abẹ gbẹ́ ẹ. Ìmọ̀ràn kejì ni pé ọkọ̀ àtijọ́ tí kò bá dógùn-ún, irọ́ ni. Lọ́jọ́ náà, Fínnífínní wà nínú omi tí wọ́n fi ń ṣan irun. Nígbà tí ó jáde, ó rí i pé àwọn búrọ́ọ̀ṣì ńláńlá ti fi ọ̀dà pupa rẹ́súrẹ́sú tó jọ ìpáàrà kun bọ́lẹ̀kájà láti orí dé ìdí. Ó wo pákó, ó wo ìpáàrà, ó tún wo pákó.

Ó bi Abẹ pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló mú pákó yìí?"

"Ìpáàrà ni."

"Ìpáàrà mú pákó?"

"Bí Àgbà Mọ́tò ṣe wí nìyẹn. Ọ̀kẹ́ méjì àtàǹpàkò kò rí àṣìṣe níbẹ̀, ìwọ nìkan lo rí i."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dárí jì mí. Èwo nínú àwọn àtàǹpàkò náà ló ní ojú?"

Abẹ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wo ẹ̀yìn wò kí Mú-un-Kíá má baà gbọ́, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì. Ọ̀rọ̀ yìí dun Fínnífínní ju ìpáàrà lọ. Abẹ tí ẹ̀rù kì í ba níwájú irin ti ń bẹ̀rù ẹ̀rín ara rẹ̀.

Nígbà tí ìmọ̀ràn kẹta dé, ọba pe ìgbìmọ̀. Àgbà Mọ́tò ti sọ pé ṣíbí ń fi àkókò ṣòfò, àti pé góòmù tó ń mú kíákíá ló yẹ gíláàsì. Mú-un-Kíá dìde, ó tẹrí ba, ó sì sọ̀rọ̀ báyìí:

"Kábíyèsí, kí ẹ pẹ́ lórí oyè. Àwọn tábìlì mìíràn ń kan ọkọ̀ mẹ́ta lọ́dún, àwa ń kan ẹyọ kan. Kí ló fà á? Bí a bá kun ọ̀dà, ṣíbí. Bí a bá fẹ́ so nǹkan, ṣíbí. Ẹ̀yin àgbà, ṣé ìlú là ń ṣe ni, àbí à ń dúró de ọbẹ̀? Góòmù Funfun tí ẹ ń wò yìí, bí ó bá fẹ́ mú gíláàsì láàárọ̀, ẹni tó ń wò ó á sùn, á jí, á tún sùn. Ẹ fún mi ní gíláàsì náà. Kí ẹ tó ka mẹ́wàá, mo ti mú un."

Ìgbìmọ̀ rẹ́rìn-ín títí agolo ọ̀dà fi ń mì. Góòmù Funfun pàápàá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tirẹ̀ pẹ́ kí ó tó dé.

Baba Rúlà na ara rẹ̀ gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ náà kí ó tó fèsì. Ó ṣàlàyé fún wọn pé ìlà tí Abẹ gbẹ́ fẹ̀ tó mìlímítà kan. Bí wọ́n bá sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rìnlélógún, àtàǹpàkò ènìyàn á kọjá níbẹ̀, òjò á sì máa rọ̀ sí itan dẹ́rẹ́bà láti ọ̀nà ilẹ̀kùn tí ó tì. Mú-un-Kíá bi í pé ta ni yóò mú rúlà wo fọ́tò. Ẹ̀rín tún sọ.

Ìgbà náà ni Fínnífínní tọrọ àyè. Ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Kábíyèsí, mi ò ní bá ọ̀rọ̀ Àgbà Mọ́tò jà. Tábìlì rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ nínú Fóònù. Ọ̀dà kankan kò ta sí tábìlì yẹn rí. Abẹ tó wà níbẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi gbé e wá. Agolo mọ́kànlá ni mo kà, kò sí èyí tí wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀. Tábìlì tiwa rí jákujàku nítorí pé a ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọkùnrin tó ń kọ́ wa yìí, ọkọ̀ mélòó ló ti kàn?"

Gbogbo wọn wo Fóònù. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Mú-un-Kíá ní, "Ọmọ onírun mẹ́ta, ìlara ń dà ọ́ láàmú. Bí irun rẹ bá tó tàwọn ẹgbẹ́ rẹ, o ò ní máa ka agolo onílé."

"Ẹ̀gbọ́n, mẹ́ta yìí náà ló ń kọ nọ́ńbà. Ẹ wá kọ ọ́ kí a wò."

Ọba Ẹ̀mú fi ẹsẹ̀ méjèèjì lu ara wọn. Ojú rẹ̀ kò tíì kúrò lára àwọn àtàǹpàkò. Ó pàṣẹ pé wọ́n fagi lé òfin ṣíbí. Mú-un-Kíá ni yóò mú gíláàsì ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Ní ti Fínnífínní tó ń tú àṣírí ilé onílé, kí ó lọ máa ro ọ̀dà nínú agolo. Gbogbo wọn ló mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí: búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín tó bá ń ro ọ̀dà, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, irun rẹ̀ ti ká, kò ní kọ ohunkóhun mọ́.

Fínnífínní dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun gbà, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo wà lẹ́nu òun. Gíláàsì jẹ́ méjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní férémù tirẹ̀. Kí Mú-un-Kíá mú ti òsì, kí Góòmù Funfun mú ti ọ̀tún, kí wọ́n fi ìdérí ìgò bo ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìrọ̀lẹ́. Bí ti òsì bá dára, òun á ro ọ̀dà títí irun òun yóò fi tán. Ó mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí gíláàsì kan lọ sí i. Ṣùgbọ́n ó sàn kí ọ̀kan lọ ju kí méjèèjì lọ. Ọba fẹ́ràn ìdíje, ó sì rí i pé èyí á dùn ún yà ní fọ́tò. Ó gbà.

Ní àárọ̀, Mú-un-Kíá mú ti òsì kí wọ́n tó ka méje. Ó tẹrí ba níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Góòmù Funfun bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀, ó ń rìn lọ ní etí gíláàsì bí ẹni tó ń wá owó ẹyọ nínú koríko, gbogbo ibi tí ó bá sì gbà ló ń funfun báláú. Abẹ ní Góòmù Funfun ti da ẹ̀kọ sórí ọkọ̀. Wọ́n da ìdérí bò wọ́n, wọ́n sì dúró.

Nírọ̀lẹ́, ọba fúnra rẹ̀ gbé ìdérí ọ̀tún. Ẹ̀kọ ti pòórá. Gíláàsì náà mọ́ débi pé Abẹ na ọwọ́ sí i láti mọ̀ bóyá ó wà níbẹ̀. Ọba gbé ìdérí òsì. Funfun ni gbogbo rẹ̀, bí ìgbà tí ọyẹ́ bá bo òkè. Wọ́n nù ún, kò kúrò. Wọ́n ṣan án lómi, kò kúrò.

Mú-un-Kíá rìn sún mọ́ ọn, ó wò ó pẹ́.

Ó ní, "Èémí mi ni. Bí mo bá ń gbẹ, mo máa ń mí. Irin ni mo ti ń mú látọjọ́ tí mo dáyé, irin kì í sì í fi í hàn. Mi ò mọ̀. Ká ní wọ́n fi mí sórí ṣíbí ni, ǹ bá ti mọ̀. Èmi gan-an ni mo sọ pé kí wọ́n má fi mí síbẹ̀."

Ojú gbogbo ìlú yí sí ọba. Ó lè dá Mú-un-Kíá lẹ́bi. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń mira láti bá a pariwo. Ọba Ẹ̀mú ní, "Òun ló sọ ọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo pàṣẹ. Àtàǹpàkò ni mo ń wò, mi ò wo ọkọ̀. Fínnífínní, má wulẹ̀ sún mọ́ agolo yẹn."

Síbẹ̀, gíláàsì òsì ti lọ. Wọ́n ń rò ó lọ rò ó bọ̀ nígbà tí Mú-un-Kíá lọ sí kọ̀rọ̀, ó sì wọ́ ilé rẹ̀ jáde, ọ̀rá líle tó mọ́ kedere tí ó ti máa ń sùn sí láti ọjọ́ tó dé. Ó gbé e síwájú Baba Rúlà, ó ní kí wọ́n gé e. Baba Rúlà wọ̀n ọ́n, Abẹ gé e. Góòmù Funfun dán ara rẹ̀ wò lórí èyí tó ṣẹ́kù, lẹ́yìn náà ló mú un. Lójú Fínnífínní, tìmùtìmù tó ya náà tún hàn kedere láti òsì, ìlà bulúù méjèèjì sì hàn pẹ̀lú.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n fi ha ìpáàrà kúrò lára pákó, tí wọ́n sì fi dí ìlà etí ilẹ̀kùn. Wọ́n dá òfin ṣíbí padà, wọ́n sì fi èyí kún un, pé ẹni tó bá mú ìmọ̀ràn dé láti inú Fóònù, ara ohun ìní tirẹ̀ ni kí ó ti kọ́kọ́ lò ó. Mú-un-Kíá di olórí àwọn tó ń so irin ìdí ọkọ̀. Kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó o, ó sì ń fi ìyẹn yangàn láti àárọ̀ di ọ̀sán.

Nígbà tí bọ́lẹ̀kájà parí, wọ́n gbé e sí ojú fèrèsé, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fi sínú Fóònù. Àtàǹpàkò mẹ́sàn-án péré ló wọlé. Ohun tó kù jẹ́ èébú. Wọ́n ní ẹ̀tàn ni, pé ìlú náà ya fọ́tò ọkọ̀ gidi ní gáréèjì kan, wọ́n wá ń pè é ní iṣẹ́ ọwọ́ wọn. Àgbà Mọ́tò alára kọ̀wé pé òun ti rí púpọ̀ láyé òun, kò sí bí òun kò ṣe ní dá ọkọ̀ gidi mọ̀.

Ọba Ẹ̀mú ka èébú náà sókè fún ìgbìmọ̀, ohùn rẹ̀ ń ga sí i bí ó ti ń kà á, títí ẹ̀rín fi dá a dúró. Ó ní kí wọ́n pe Fínnífínní wá, kí ó wá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń yìn ín. Wọ́n wá a káàkiri kí wọ́n tó rí ìdí rẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bóòtù kékeré kan tí wọ́n fi de irin ìdí ọkọ̀ ló ń kun níbẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò ní rí láéláé, àfi bí wọ́n bá dojú ọkọ̀ dé. Ọba rí i, ó sì rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, kí ọwọ́ Fínnífínní má baà gbọ̀n.