Igi Ló Ń Só

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò ní iléeṣẹ́ ìwádìí yẹn, ọ̀pọ̀ ojú ló sì ti pòórá lọ́kàn mi, àmọ́ ti òpè kan báyìí tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá wa kò kúrò. Mo-ti-mọ̀ là ń pè é lẹ́yìn, torí kò sí ọ̀rọ̀ téèyàn bá a sọ tí kì í fi ìyẹn gé e lẹ́nu.

Iṣẹ́ wa ni láti mọ ohun tí igbó ń ṣe sí gáàsì mẹ́téènì, ọ̀kan lára àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tá a jọ ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá kan tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, ló fi ìṣirò gbin igbó kan odindi sínú kọ̀ǹpútà, tigi tòjò, tẹrẹ̀ tomi. Ó rí i pé nínú igbó àbàtà, gáàsì máa ń gba ara igi jáde.

Ibi tí Mo-ti-mọ̀ gbọ́ ọ mọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ igi ló ń só, ó ní ká gé e, kí afẹ́fẹ́ mọ́. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó pa igi rẹ́, ó sì pa àbàtà rẹ́ mọ́ ọn, torí kò mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Gáàsì wálẹ̀. Inú rẹ̀ dùn bí ẹni tó bí ìbejì.

Àwọn tó fẹ́ gé igbó gidi ti ń retí àbájáde náà, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ni wọ́n sì fẹ́ rí lórí ẹ̀, torí òun layé mọ̀ mọ́ iṣẹ́ yẹn. Ó ní òun ò ní fi orúkọ òun bo ìdọ̀tí. Mo-ti-mọ̀ ní kó yan ọ̀kan, iṣẹ́ tàbí agídí.

Lọ́jọ́ tí àwọn tó fẹ́ gé igbó wá ṣe àlejò wa, Mo-ti-mọ̀ wọ kóòtù tó ń fún un lọ́rùn, ó ń ṣàlàyé ìsó igi bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí igi só. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kó sọ tán.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, lẹ́yìn tẹ́ ẹ gé igi tán, ibo lẹ kó omi àbàtà lọ?"

Ó ní kí ló kan omi nínú ọ̀rọ̀ igi.

"Inú ẹrẹ̀ ni gáàsì ti ń wá, sà. Páìpù lásán ni igi. Ẹ yọ páìpù, ẹ wá ní kànga ti gbẹ."

Màmá àgbàlagbà tó ṣáájú àwọn àlejò dé bírò rẹ̀. Ó bi Mo-ti-mọ̀ bóyá ó ti dé àbàtà rí. Mo-ti-mọ̀ ní òun ti rí i nínú fọ́tò. Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín; ì bá sàn kí wọ́n rín in. Màmá náà ní wọn ò ní gé igi kankan títí wọ́n á fi ṣírò omi.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, Mo-ti-mọ̀ ti lé ẹ̀gbọ́n mi lẹ́nu iṣẹ́. Kò sì pẹ́ tó fi wá bá wa ní pálọ̀ ilé wa, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dá omi padà síbi tó ti gbọ́n ọn dànù.

"Àbúrò," ó ní, "àṣìṣe kékeré tó o ṣe yẹn, wá bá wa tún un ṣe."

Ẹ̀gbọ́n mi wọ bàtà rẹ̀. Ó lọ, kì í ṣe nítorí tirẹ̀, nítorí igbó ni. Nígbà tí omi padà sínú ìṣirò láìsí igi tó ṣíji bò ó, oòrùn mú un gbóná, gáàsì pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn àlejò fi igbó gidi náà sílẹ̀ láìgé e.

Mo-ti-mọ̀ yẹ àbájáde náà wò síwá sẹ́yìn, ó béèrè ìdí tí orúkọ òun ò fi sí níbẹ̀.

"Mo wá ibi tí mo lè fi sí, sà," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Mi ò rí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe tí mo lè so ó mọ́."