Ẹ̀rọ Tí Ń Retí Àmín

Oṣù mẹ́fà gbáko ni Màmá fi jókòó síwájú gbohùngbohùn nínú yàrá ọmọ rẹ̀, tí ó ń bá ẹ̀rọ inú kọ̀ǹpútà tàkúrọ̀sọ. Iṣẹ́ ọmọ náà nìyẹn: kí ẹ̀rọ gbọ́ èdè títí òun náà á fi máa sọ ọ́. Ọ̀gá ibi iṣẹ́ ń bọ̀ wá gbọ́ ọ lọ́sàn-án òní. Bí ẹ̀rọ kò bá fọhùn bí ènìyàn, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

"Wọ́n so inú ẹ̀ pọ̀ bí iṣan ọpọlọ, Màmá. Ohun tó bá gbọ́ ló ń kọ́, bí ọmọdé."

"Ọmọdé kẹ̀? Ẹlẹ́dàá ló ń fi èdè sínú ọmọ látinú ọlẹ̀. Àwa kàn ń ta á jí ni. Nígbà tí o jẹ ẹran inú ìkòkò lọ́mọ ọdún mẹ́ta, tí o ní aláǹgbá ló gbé e, ta ló kọ́ ẹ nírọ́ yẹn? Ẹnìkan ò pa irú ẹ̀ rí nílé yìí!"

Ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọlọ́dún méjì, ń ṣeré lábẹ́ tábìlì. "Omi" àti "gbé mi" nìkan ló ṣì mọ̀ ọ́n sọ.

Ọ̀gá dé, ó jókòó, ó wúkọ́. "Ẹ̀rọ, báwo lojú ọjọ́ ṣe rí?"

"Ọba tó ni òní, a dúpẹ́. Òní á san wá. A ò ní fẹsẹ̀ kọ."

Ẹ̀rọ dákẹ́ síbẹ̀. Ọ̀gá ń wo ẹ̀rọ.

"Ó ti bàjẹ́ ni?"

Ọmọ Màmá ń tẹ bọ́tìnì kiri. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ ti yé Màmá. Òun fúnra rẹ̀ kì í la ẹnu bá ẹ̀rọ sọ nǹkan kan láìgbàdúrà, kì í sì í tẹ̀ síwájú bí ọmọ rẹ̀ kò bá ṣe àmín láti ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ilé ni ẹ̀rọ ti kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

"Kò bàjẹ́ o. Ẹ̀yin ló ń retí."

"Èmi? Mo ní báwo lojú ọjọ́!"

Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀: "Ọba tó ni òní…" Ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún dákẹ́. Ọmọ Màmá ti na ọwọ́ láti pa kọ̀ǹpútà nígbà tí ohùn kékeré kan jáde lábẹ́ tábìlì:

"Bàbá bàtà dídán, ṣe àmín! Ẹ̀rọ fẹ́ sunkún!"

Màmá pàtẹ́wọ́. "Ṣé ẹ gbọ́? Ta ló kọ́ ọ nìyẹn?"

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí táì rẹ̀ fi wọ́. "Àmín o!"

"Òjò á rọ̀ nírọ̀lẹ́," ni ẹ̀rọ dáhùn wẹ́rẹ́. "Ẹ mú agboòrùn dání. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Iṣẹ́ ẹ dúró," ni ọ̀gá sọ fún ọmọ Màmá. "Ṣùgbọ́n yọ ìdajì àdúrà yẹn kúrò."

"Ìdajì wo?" ni Màmá bi í. "Èyí tó ní ẹ ò ní fẹsẹ̀ kọ ni kó yọ?"

Ọ̀gá wo bàtà rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Màmá."