Irunmú Dúdúyẹmí

Adéríbigbé kì í jẹ́ kí oníbàárà dìde lórí àga rẹ̀ níwọ̀n ìgbà tí irun kan ṣoṣo bá ṣì yọ sóde lójú onítọ̀hún. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ṣe bábà ní Muṣin, ó sì máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé irun gígẹ̀ kọ́ niṣẹ́, etí irun niṣẹ́. Tó bá ti ya ìràwọ̀ tàbí ọfà sórí ọmọ ìta tán, á yí orí náà sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á wá fi abẹ fá irunmú rẹ̀ mọ́ fínní, á fi sípíríìtì nù ún. Ẹni tí kò bá ní sùúrù, kó kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Mo sọ èyí kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé ohun tó ṣe kò tinú ìkà wá. Ká ní ìkà ni, ìbá rọrùn fún wa láti bínú sí i.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, Ayọ̀miídé. Ọmọ náà kàwé gboyè ní Yaba, ó wáṣẹ́ wáṣẹ́, kò rí, ló bá lọ ń tọ́jú ẹṣin lọ́dọ̀ Alhaja Kùdírátù ní Iganmu. Lẹ́yìn ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti tì pa ni ọgbà Alhaja wà. Ẹṣin mẹ́rin ló ní, ó sì ń fi wọ́n háyà fún àwọn ọkọ ìyàwó àti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ joyè. Àgbà wọn ni Dúdúyẹmí, akọ ẹṣin dúdú tó ti tó ọmọ ogún ọdún. Orí rẹ̀ ni Ayọ̀miídé ti kọ́ ẹṣin gígùn, inú fóònù ló sì ti kọ́ èyí tó ju gígùn lásán lọ, ìyẹn ìdíje tí wọ́n ń pè ní dirẹ́sáàjì. Níbi ìdíje yìí, ẹṣin kì í bá ẹṣin sáré. Ẹyọ kan ló ń wọ pápá, á rìn, á sáré kúṣẹ́kúṣẹ́, á yípo, á dúró gbọnin níbi tí wọ́n bá ní kó dúró, adájọ́ á sì máa fún ìrìn kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Adéríbigbé kọ́kọ́ fi rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹṣin tí kò bá sáré, ṣé ewúrẹ́ ni? Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti fojú ara rẹ̀ rí ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn ẹṣin yẹn, kò fi ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

Nígbà tí òjò ọdún náà bẹ̀rẹ̀, àwọn onílẹ̀ ta ilẹ̀ ọgbà náà mọ́ Alhaja lórí. Wọ́n ní kó kó kúrò kí oṣù tó parí. Kíá ló ta ẹṣin mẹ́ta. Ẹni tó fẹ́ ra Dúdúyẹmí ni Taoheed, tó ń fi ẹṣin gbé àwọn tó wá gbafẹ́ létí òkun. Gbogbo ẹni tó mọ̀ nípa ẹṣin ló mọ ẹṣin Taoheed. Egungun ìhà wọn ṣeé kà, egbò gàárì kì í jinná lẹ́yìn wọn, èyí tó bá sì ti dàgbà nínú wọn kì í pẹ́ kú. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Ẹgbẹ́ agẹṣin kan ní òdìkejì afárá ń wá ẹni tí yóò máa kọ́ àwọn ọmọdé. Ẹni tó bá gba máàkì márùndínláàádọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún níbi ìdíje wọn ni wọ́n máa gbà síṣẹ́, wọ́n á sì fún ẹṣin tó gùn wá láyè nínú ilé ẹṣin tiwọn. Alhaja, tí kì í ṣe èèyàn burúkú, ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, òun á fi Dúdúyẹmí ta Ayọ̀miídé lọ́rẹ.

Àìsàn ọjọ́ ogbó ti mú kí irun ẹṣin náà gùn bíi ti àgbò. Bó bá rìn díẹ̀, òógùn á ti bò ó. Ayọ̀miídé bẹ bàbá rẹ̀ pé kó bá òun gẹ̀ ẹ́, inú Adéríbigbé sì dùn bí ẹni pé ọba ló ránṣẹ́ sí i. Ó béèrè bóyá òfin gbà kóun ya nǹkan sí i lára. Ọmọ ṣí ìwé òfin lórí fóònù, ó ka èyí tó kàn wọ́n fún un. Àwòrán ò léèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kọ orúkọ ọjà sí ẹṣin lára, wọn ò gbọdọ̀ so òdòdó tàbí ríbọ́ǹnù mọ́ ọn nírù, wọ́n sì gbọdọ̀ di gọ̀gọ̀ rẹ̀. Èyí tó tẹ̀ lé ìyẹn, kò kà á. Kò wá sí i lọ́kàn pé ọmọ èèyàn kan á mú abẹ dé ẹnu ẹṣin.

Ọjọ́ méjì gbáko ni Adéríbigbé fi gẹrun náà. Ó ya igun mẹ́rin-mẹ́rin tó so kọ́ra sí ìdí ẹṣin náà, lọ́tùn-ún àti lósì, bí ojú ẹní. Alhaja pàápàá gbà pé òun ò rí irú rẹ̀ rí.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ ìdíje, ní pápá ẹgbẹ́ náà, nígbà tó ku bí ogún ìṣẹ́jú kí wọ́n yẹ ẹṣin wò, Ayọ̀miídé lọ wọ kóòtù dúdú tó rà ní Tejúoṣó. Ó ní kí bàbá òun bá òun di ìjánu mú. Àpò iṣẹ́ Adéríbigbé wà léjìká rẹ̀, torí bó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá, ó ń gbé e dání. Ó sún sẹ́yìn, ó wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló dán, àfi ẹnu. Irun gígùn-gígùn yọ ségesège lábẹ́ ètè ẹṣin náà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú rẹ̀, bí irunmú ọkùnrin tí ìyàwó ti kọ̀ sílẹ̀. Ó yọjú wo àwọn ẹṣin olówó tó wà nítòsí, tiwọn náà rí bẹ́ẹ̀, ó sì sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé àwọn tó ń tọ́jú wọn ò mọṣẹ́. Ó mú abẹ tuntun jáde. Dúdúyẹmí dúró jẹ́ẹ́ fún un, ó tiẹ̀ gbé ẹnu lé e lọ́wọ́. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Ó fi sípíríìtì nù ún, ẹṣin náà sín, Adéríbigbé rẹ́rìn-ín músẹ́. Àṣejù ni baba àṣetẹ́, ṣùgbọ́n ta ní ń rántí òwe nígbà tí iṣẹ́ bá ń dùn mọ́ ọn?

Obìnrin tó ń yẹ ẹṣin wò ń jẹ́ Jennifer. Òun àti Ayọ̀miídé ló jọ dé ibi tí ẹṣin náà wà. Ó yẹ gọ̀gọ̀ wò, ó yẹ ìrù wò, ó fi ìka tọ àwòrán ìdí rẹ̀, ó ní ó rẹwà. Lẹ́yìn náà ló fi àtẹ́lẹwọ́ sábẹ́ ẹnu Dúdúyẹmí, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró síbẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ló fi ṣàlàyé. Ó ní ojú ẹṣin kì í rí abẹ́ ẹnu ara rẹ̀, irun wọ̀nyẹn ló fi ń mọ ohun tó wà níbẹ̀, omi ni o, igi ni o, irin ni o. Ó ní ẹṣin tí wọ́n bá fá a lẹ́nu kò gbọdọ̀ díje, ì báà jẹ́ irun kan ni wọ́n fá.

“Ta ló fá a?” ó béèrè.

Ayọ̀miídé kò tètè fèsì. Ó ń wo ilẹ̀. Adéríbigbé náà ń wo ilẹ̀. Àwọn tó wọ bàtà gígùn tó ń dán dúró yí wọn ká, wọ́n ń wo bàbá náà àti sálúbàtà rẹ̀.

“Èmi ni, mà,” Ayọ̀miídé wí.

Jennifer mí kanlẹ̀, ó kọ ọ́ sínú ìwé. Ó wá ní ó ṣeni láàánú, torí ká ní ẹlòmíràn ló fá a láìjẹ́ pé agẹṣin mọ̀, àyè wà nínú òfin láti tún un pè kó wá díje lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ fá a, ẹgbẹ́ ò lè fi ẹṣin àti ọmọ ọlọ́mọ síkàáwọ́ rẹ̀.

Gbólóhùn kan ló kù fún Adéríbigbé láti sọ. Ó la ẹnu. Ó rò ó pé bóun bá sọ̀rọ̀ báyìí, òun á sọ ọmọ òun di òpùrọ́ lójú àwọn èèyàn wọ̀nyí, ó bá pa ẹnu dé. Àwáwí tó ṣe fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ìtìjú ló dè é lẹ́nu, òun náà sì mọ̀.

Ayọ̀miídé bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣáà jẹ́ kóun gùn ún. Wọ́n gbà, àmọ́ wọ́n ní kò ní sí máàkì. Ó gùn ún wọ pápá, Dúdúyẹmí arúgbó sì rìn lọ́jọ́ náà bí kò ṣe rìn rí láyé rẹ̀, ó ń gbẹ́sẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni pé ọmọ kan ń sùn nítòsí tí kò fẹ́ jí i. Àwọn adájọ́ ti gbé bírò sílẹ̀, wọ́n ń mu tíì. Nígbà tó dúró gbọnin láàárín pápá, tí Ayọ̀miídé tẹríba, èèyàn méjì mẹ́ta pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ̀ sunkún, kò sì fi pamọ́. Wọ́n máa ń sọ pé bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹṣin tí kò dá ni, tí wọ́n kàn wá fà lọ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù, Taoheed gbé lọ́rì wá sí Iganmu. Ayọ̀miídé fa ẹṣin náà gun pákó, ẹṣin náà kò sì mọ̀ pé irin ẹ̀yìn lọ́rì wà lábẹ́ ẹnu òun, ó fẹnu gbá a, ètè rẹ̀ bẹ́. Adéríbigbé ló wá fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sábẹ́ ẹnu rẹ̀, tó sì rọra mú un wọlé. Ọmọ béèrè etí òkun tí wọ́n ń gbé ẹṣin náà lọ. Taoheed ní ibi tí iṣẹ́ bá wà ni. Ọmọ tún béèrè bóyá àwọn lè wá wò ó. Taoheed ní no wahala, kí wọ́n ṣáà háyà rẹ̀ bíi ti àwọn yòókù.

Nígbà tí wọn ò gbúròó lọ́rì náà mọ́, Adéríbigbé béèrè ohun tó ti ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

“Ayọ̀, kí ló dé tó o fi ní ìwọ ni?”

“Mo kọ́kọ́ dúró, Dádì,” ọmọ náà wí. “Mo dúró dè yín.”

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn ló dun bàbá náà jù. Ó gbé garawa omi tí ẹṣin mu kù, ó dà á nù, ó mú ìgbálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ọgbà náà fún àwọn tó ra ilẹ̀.