Kí Ìlẹ̀kẹ̀ Amọ̀ Tó Tutù

Safourath gbé ọwọ́ lé ìdérí ìkòkò náà, ó sì yára fà á padà. Ó ṣì ń jóni.

Ọgọ́rùn-ún ìlẹ̀kẹ̀ amọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Òun ló yí wọn róbótó, òun ló fi ẹyọ igi ìgbálẹ̀ dá ihò sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní agbo ilé wọn ní Bantè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sun ìlẹ̀kẹ̀, ọmọbìnrin kì í wọlé ọkọ láìjẹ́ pé èyí tó fúnra rẹ̀ sun ló so mọ́ ìdí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti sun tirẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ló fọ́. Bí èyí bá tún fọ́, ìgbéyàwó di ẹ̀yìn iṣu tuntun ọdún tí ń bọ̀.

Kí ló ń fọ́ ọ? Ìfẹ́ ni! Bó bá ti gbúròó alùpùpù Bachirou lọ́nà Savalou, ẹ̀rù á bà á pé Bachirou yóò lọ láìdúró dè é, á ṣí ìkòkò kó tó tutù, afẹ́fẹ́ á kọlu ìlẹ̀kẹ̀ gbígbóná, gbogbo rẹ̀ á sán.

Alùpùpù náà ló tún ń dún bọ̀ yìí.

"Safou mi, ṣí i jàre!" Bachirou wí, eyín ẹnu rẹ̀ funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú. "Màmá mi ti pe ẹbí jọ. Ọ̀sán yìí ni wọ́n fẹ́ gbọ́ ọjọ́ ìyàwó."

Ìyá Kadidjatou, ẹ̀gbọ́n bàbá Safourath, tó ń po amọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, bú sẹ́rìn-ín. "Ọkọ ìyàwó, ṣé iná ń jó ẹ ní ìdí ni? Jókòó sórí àpótí yẹn!"

Ojú Bachirou ń bẹ Safourath. Ọwọ́ ń yún un láti ṣí ìkòkò. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

"Mi ò ní ṣí i. Bí o bá ń lọ, máa lọ."

Ohùn ara rẹ̀ yà á lẹ́nu. Bachirou pa alùpùpù. Ó jókòó sórí àpótí náà.

Oòrùn ti yẹ̀ kúrò ní àtàrí kí ìdérí tó tutù bí omi àmù. Safourath ṣí i. Pupa fòò! Ìyá Kadidjatou ju ẹyọ kan sórí òkúta: kíín! Èyí tó bá sán kì í dún bẹ́ẹ̀. Ó ju òmíràn: kíín! Títí dé ìkẹwàá.

"Ó ti jinná!" ó kígbe. "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ mi! Safourath, ilé ọkọ ti yá!"

Àtẹ́wọ́ gba gbogbo agbo ilé. Bachirou ti fò sórí alùpùpù. "Gùn ún ká lọ!"

Safourath jókòó, ó mú òwú, ó ń sin ìlẹ̀kẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

"Dúró ná," ó wí.

Bachirou sọ̀ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó di ìdí òwú mú fún un. Èémí rẹ̀ ń kan ọwọ́ Safourath. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ ara wọn, òní nìkan ni Safourath kò bẹ̀rù pé Bachirou yóò lọ kí òun tó ṣetán.