Fèrè Ẹ̀ẹ̀mejì fún Òkúta

Kí Ògúnrìndé tó gbé hámà sókè, ó kọ́kọ́ da omi sórí òkúta náà, ó sì kúnlẹ̀ tì í, ó ń wò ó. Oòrùn á fa omi gbẹ lójú òkúta, ṣùgbọ́n ibi tí iṣan bá wà kì í tètè gbẹ; ilà dúdú tín-ín-rín ni yóò ṣẹ́kù. Ilà yẹn ni ọ̀nà. Ẹni tí kò bá rí i lè lu òkúta Abẹ́òkúta títí apá rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já, eruku lásán ni yóò rí gbá.

Òkúta náà tóbi tó mọ́tò, àárín àgbàlá Tíṣà Adétáyọ̀ ní Kemta ló dùbúlẹ̀ sí. Tíṣà ni bàbá Fọlákẹ́mi, ìyàwó Ògúnrìndé. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ó wá fẹ́ kọ́ yàrá méjì síbi tí òkúta náà wà.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fún ọ, Timothy," ni Tíṣà wí; orúkọ ìsàmì Ògúnrìndé ló máa ń pè é. "Ojú mi báyìí ni wàá ti máa ṣe é. Bí o bá fọ́ ọ tán tí ẹnikẹ́ni ò fara pa, kó ìyàwó àti ọmọ rẹ, kí ẹ máa lọ sílé yín ní Alábàtà. Bí ẹnikẹ́ni bá fara pa, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa gbé."

"Ẹ ṣé, sà," ni Ògúnrìndé wí.

Oṣù mẹ́rin ti kọjá tí Fọlákẹ́mi ti kó ọmọ kúrò nílé ọkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ kì í mutí, kì í tẹ̀lé obìnrin. Ọjọ́ kan ni Tolúlàṣẹ, ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, jẹ́ kí ìdérí ìkòkò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Kí ìdérí náà tó yí tán nílẹ̀, ọwọ́ Ògúnrìndé ti wà lọ́rùn ọmọ. Ìgbà tí Fọlákẹ́mi figbe ta ni ojú rẹ̀ tó rí ẹni tó dì mú.

Ọdún mẹ́fà ló fi jagun ní Borno kí wọ́n tó fún un ní ìwé pé kó máa lọ sílé. Ní ojú ọ̀nà kan níbẹ̀, ìró bọ́ǹbù ló kọ́kọ́ dé. Dámiláre, ọmọ ogun ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó jókòó tì í nínú ọkọ̀, kò parí ọ̀rọ̀ tó ń sọ. Láti ọjọ́ náà, bí táyà bá bẹ́ ní Láfẹ́nwá, inú gọ́tà ni Ògúnrìndé á ti bá ara rẹ̀. Àwọn kan ní òkú ogun ló ń bá a jà. Àwọn mìíràn ní ojo ni. Dókítà kan ló sọ ọ̀rọ̀ tó yé e: ó ní ogun ti parí, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni kò tíì gbọ́.

"Bàbá Tolú, ṣé irú iṣẹ́ yìí kọ́ ló yẹ kí ẹ sá fún?" ni Fọlákẹ́mi bi í láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. "Bí iná bá mú òkúta, ṣebí bí ìbọn ló máa ń dún?"

"Mo ti rò ó," ni Ògúnrìndé wí.

Ó sì ti rò ó lóòótọ́. Iṣẹ́ bàbá tó bí i ni. Wọ́n á to igi àti táyà àlòkù sójú ibi tí iṣan gbà kọjá, wọ́n á sì dáná sí i láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Òde òkúta á gbóná, á fẹ́ fẹ̀ sí i. Inú rẹ̀ tó tutù kò ní gbà fún un. Bí wọ́n bá wá da omi tútù lé e lójijì, ìjà inú àti òde ni yóò la òkúta sí méjì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki irin ṣóńṣó bọ ojú ibi tó là, wọ́n á sì máa fi hámà kàn án wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ó fún Tolúlàṣẹ ní fèrè kan, irú èyí tí réfírì ń fọn. "Bí mo bá nawọ́ sókè, fọn ún lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni n óò da omi."

Fèrè dún lẹ́ẹ̀mejì. Ògúnrìndé da omi. Òkúta bú gbàù! Òógùn bò ó, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.

"Kí ló dé tí ẹ ò sá fún ìyẹn, Dádì?" Ẹnu ọ̀nà pálọ̀ ni ọmọ náà wà tó ti ń béèrè. Ó fi ọwọ́ kan di ilẹ̀kùn mú.

"Nítorí pé ó ránṣẹ́ kó tó dé. Ariwo tó bá ránṣẹ́ sí mi, àlejò ni. Èyí tí kò bá ránṣẹ́, olè ni, mi ò sì mọ ohun tí ọwọ́ mi máa fi olè ṣe."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Tolúlàṣẹ ti kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ó ti jókòó sórí àtẹ̀gùn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀ gan-an ló wà, òun ló ń na irin ṣóńṣó sí i. Fọlákẹ́mi ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Ògúnrìndé rí i tó ń ká aṣọ sínú àpò ìrìn-àjò.

Ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni Ògúnrìndé bẹ Tíṣà. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tó bá máa dún nínú ọgbà yìí, kí ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀."

Tíṣà rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tó ń jẹ́ Ògúnrìndé! Ìró ló wá ń lé ọ kiri? Ó dáa, mo ti gbọ́."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀yìn ìgbà tí nǹkan ti bàjẹ́ ni wọ́n tó ròyìn rẹ̀ fún Ògúnrìndé. Iṣẹ́ náà ti wọ Tíṣà lójú. Ó ń fọwọ́ pa ojú òkúta tó là, ó ń mirí, ó ní ó dán bíi búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Ó wá lọ bá Sàlàhúdíìnì, olórí àwọn ọdẹ àdúgbò. Jagunjagun ni bàbá bàbá Tíṣà, nílé wọn, ẹnu nìkan kọ́ ni wọ́n fi ń yẹ ọmọ ogun sí; ìbọn ni wọ́n ń yìn fún un.

"Ṣé kí n kọ́kọ́ sọ fún un ni?" ni Sàlàhúdíìnì bi í.

"Rárá o! Ẹ̀yẹ tí a bá kéde tẹ́lẹ̀, ìpàdé ló dà."

Ní ọjọ́ Sátidé, òkúta tó gbẹ̀yìn là. Tolúlàṣẹ fò sókè. "Ó ti tán! Ṣé a máa lọ sílé lónìí?"

"Lónìí," ni bàbá rẹ̀ wí, ó ń nu ojú rẹ̀.

Ìbọn mẹ́ta ló dún pa pọ̀ lẹ́yìn ọgbà.

Ògúnrìndé kò mọ bó ṣe dé ilẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, àárín òkúta ló wà, ó fi gbogbo ara bo ọmọ rẹ̀, ó gbá irin ṣóńṣó mú, ó ń pariwo, "Dámiláre, wólẹ̀! Wólẹ̀!" Ọmọ náà ń ké lábẹ́ rẹ̀. Orí òkúta tó mú ni apá ọmọ náà balẹ̀ sí, ó sì ti kán.

Sàlàhúdíìnì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín, èéfín ṣì ń jáde lẹ́nu ìbọn rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ọmọ ogun!" Nígbà tó rí ojú Ògúnrìndé, ó fi ẹ̀yìn rìn jáde.

"Ẹ̀yẹ ni mo ṣe o!" ni Tíṣà ń wí. "Ẹ̀yẹ ni!"

"Ẹ̀yẹ!" ni Fọlákẹ́mi jágbe. "Bàbá, ohun kan ṣoṣo ló bẹ̀ yín! Ohun kan ṣoṣo!"

Ojú ti Tíṣà, ṣùgbọ́n ìtìjú náà ló mú kí ọ̀rọ̀ le lẹ́nu rẹ̀. "Àdéhùn ni àdéhùn. Mo ní bí ẹnikẹ́ni ò bá fara pa."

Ògúnrìndé yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Fọlákẹ́mi ti gbé ọmọ sáyà.

"Mo mọ̀ pé ẹjọ́ yín kọ́, Bàbá Tolú," ló wí. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ṣùgbọ́n ta ló máa bá mi sọ fún gbogbo ayé pé kí wọ́n máa fọn fèrè?"

Ní ọjọ́ Ajé, Ògúnrìndé padà wá. Iṣẹ́ tí kò bá tíì tò jọ kò tíì tán. Ó to òkúta náà sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ní ìpele ìpele, ó kọ ojú èyí tó dán sí òde, ó ki wẹ́wẹ́ sí àárín kó má baà mì. Òkúta náà tó ṣe ìpìlẹ̀ yàrá méjì, ó tún ṣẹ́kù. Sàlàhúdíìnì ti fi itan ẹtu ránṣẹ́ sí i, wọ́n gbé e sórí àtẹ̀gùn nínú ọ̀rá dúdú, eṣinṣin ń kùn lé e. Kò fọwọ́ kàn án. Ó kó irin àti hámà sínú àpò, ó jáde.

Tolúlàṣẹ ló tẹ̀ lé e dé ìdí géètì, apá rẹ̀ funfun nínú POP, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Irin ni géètì náà, ó wúwo, ariwo ló máa ń pa bí wọ́n bá tì í. Ògúnrìndé ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ti gbé ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan.

Fèrè dún lẹ́ẹ̀mejì.

Ó dúró, ó mí kanlẹ̀, ó ń retí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni géètì pa dé, gbàgà! Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kúrò níbi tó wà.