Nẹ́ptúùnù Gbé Àpótí Rẹ̀

Láti òwúrọ̀ ni Ìyá Àgbà Safiyat ti ń dín màsà bí ẹni tó ń bá epo jà. Epo ń ta, òun náà ń ta. Ohun tó ń bí i nínú kò ju ẹyọ kan lọ: wọ́n fi Àwáwù ṣe oòrùn.

Àwáwù ni ìyàwó tí Alfa Gàní fẹ́ lé Safiyat. Alfa ti di ẹni Ọlọ́run tipẹ́, àwọn obìnrin méjèèjì sì ti darúgbó sínú agbo ilé kan náà lẹ́yìn Ọjà-Ọba, wọ́n ń bu iyọ̀ lọ́wọ́ ara wọn, wọ́n jọ ń gba àwẹ̀. Ẹni tó bá rò pé owú ti bá ọkọ wọ sàréè, onítọ̀hún kò ní orogún rí ni. Nígbà tí ọkọ wà láyé, ọkọ ni wọ́n ń dù. Ní báyìí, ọmọ-ọmọ ni.

Hadiyyah ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, ọmọ-ọmọ Àwáwù tó wà ní yunifásítì. Ọlidé ti dé, àwọn ọmọ agbo ilé sì ń fi ìbéèrè da gbogbo ènìyàn láàmú: kí ló wà lókè, ta ló ti débẹ̀ rí, ṣé wọ́n máa ń jẹun níbẹ̀. Ló bá ní òun á tẹ́ sánmọ̀ sílẹ̀ lójú títì fún wọn. Oòrùn á wà lẹ́nu géètì, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì á sì tò lọ, kálukú ní bó ṣe jìnnà sí i tó. Àwọn ọmọ á dé páálí lórí bí akoto àwọn tó ń lọ sókè sánmọ̀, wọ́n á máa ti ọ̀kan bọ́ sí ọ̀kan. Ẹyọ ẹ̀pà kan ni Mákúrì. Elégédé ni Júpítà, níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Sátọ̀ọ̀nù jẹ́ ọsàn kan tí wọ́n gbé jókòó sínú òṣùká, nítorí pé ó ní òrùka lára. Nẹ́ptúùnù ló gbẹ̀yìn, lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ ẹlẹ́rọ ata, níbi tí ewúrẹ́ kì í jẹ́ kí nǹkan jíjẹ pẹ́ nílẹ̀. Hadiyyah bẹ Ìyá Àgbà pé kó bá òun jókòó síbẹ̀ ṣe Nẹ́ptúùnù. Kí Ìyá Kékeré, ìyẹn Àwáwù, ṣe oòrùn, torí orúnkún ń dùn ún, kò lè rìn jìnnà.

Safiyat ní ó dáa. Ó wọ yàrá, ó sọ ìyókù fún ògiri. Orúnkún wo? Orúnkún tó gbé e dé wòlímọ̀ ní àdúgbò Fate lọ́sẹ̀ tó kọjá? Ọmọ mọ ìyá rẹ̀ ni.

Lẹ́yìn ìrun alásárì, Àwáwù wọ léèsì aláwọ̀ wúrà, ó jókòó sẹ́nu géètì, ó ń dán. Safiyat ró àdìrẹ aláró, ó gbé abọ́ màsà àti àpótí rẹ̀, ó gba òpin títì lọ. Hadiyyah ti kọ́ ọ pé kó sọ fáwọn ọmọ pé kò síbi tó tutù tó Nẹ́ptúùnù. Òógùn sì ń ṣàn láti ọrùn rẹ̀ wọ inú bùbá.

Ẹ̀rín bú láti ẹnu géètì. Ó dá ti Nusaybah mọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ-ọmọ òun gan-an, tí òun wẹ̀ láti ìkókó, tí òun fi ẹ̀yìn yìí pọ̀n, ló ń rẹ́rìn-ín báyẹn lọ́dọ̀ Àwáwù. Ẹ̀rín náà ta á létí bí omi ọṣẹ ṣe ń ta ojú.

Ó dìde, ó gbé àpótí. Ó sọ fún ẹlẹ́rọ ata pé òun ń wá ibòòji. Ó sún díẹ̀, ó jókòó. Ẹ̀rín tún bú. Ó tún sún. Ó dé ìdí Yúránọ́ọ̀sì, ọsàn wẹ́wẹ́ kan tó dá wà lórí búlọ́ọ̀kù. Ó wò ó, àánú ara rẹ̀ ṣe é. "Ìwọ náà ni wọ́n jù síbí?" Ó so ó mọ́ ìdí aṣọ, ó ń lọ.

Nígbà tí àwọn ọmọ fi kúrò ní Júpítà, Nẹ́ptúùnù ti jókòó ti Sátọ̀ọ̀nù, ó ṣí abọ́ màsà, ó ń fẹ́ òórùn rẹ̀ sí wọn nímú.

Hadiyyah dúró. "Ìyá Àgbà, Nẹ́ptúùnù kì í kúrò láyè ẹ̀."

"Ṣebí ìwọ lo ní gbogbo wọn ń rìn."

"Wọ́n ń yí oòrùn po ni, Ìyá Àgbà. Wọn kì í sún mọ́ ọn."

"Èyí sún mọ́ ọn. Ebi ọmọ ń pa á."

Àwọn ọmọ ti da páálí nù, wọ́n ti bo màsà. Ó sọ fún wọn bí Nẹ́ptúùnù ṣe tutù tó, pé bí ènìyàn bá tọ̀ níbẹ̀, ìtọ̀ á dúró bí ọ̀pá, onítọ̀hún á sì fi tẹlẹ̀ wálé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí télọ̀ fi jáde wá wò wọ́n. Inú Safiyat dùn dé àtàǹpàkò.

Nusaybah ló kọ́kọ́ rí i. "Oòrùn ń bọ̀."

Àwáwù ni lóòótọ́. Ó gbé àpótí tirẹ̀ rù, ó ń fọwọ́ tọ ògiri, ẹsẹ̀ kan ń wọ́lẹ̀ bí ìgbálẹ̀. Ó ń rìn, ó ń dúró, ó ń fẹnu fa afẹ́fẹ́. Safiyat rí ojú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé orúnkún náà kì í ṣe irọ́. Kò mọ ìgbà tó sáré lọ gba àpótí lórí rẹ̀.

"Ìyàwó, kí lo ń wá?"

"Ẹ̀rín ni mo gbọ́, Ìyálé mi. Gbogbo wọn kó wá bá yín. Ta ni wọ́n fẹ́ kí n máa ràn sí níbẹ̀, àwọn ewúrẹ́?"

Safiyat wò ó, léèsì wúrà, òógùn, ètè tó yọ bíi ti ọmọdé. Ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀ kedere. Ẹ̀rín gbé e, ó rín in títí Yúránọ́ọ̀sì fi já bọ́ nídìí aṣọ rẹ̀. Àwáwù náà bẹ̀rẹ̀. Hadiyyah káwọ́ lérí. Ó ní bí oòrùn bá dìde báyìí, gbogbo ayé ló máa ṣókùnkùn.

Wọ́n gbé àpótí méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn níwájú télọ̀. Nusaybah bu màsà ìyá rẹ̀ àgbà sẹ́nu, ó sì lọ gun itan Àwáwù.

Ẹ̀rín Safiyat gbẹ. "Nusaybah, sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. O ò rí i pé orúnkún ń dun Ìyá Kékeré? Wá jókòó síbí."

"Èyí tí ò dùn mí ló jókòó lé, Ìyálé mi," ni Àwáwù wí, ó sì fọwọ́ gbá ọmọ náà mọ́ra.

Safiyat rọra fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ wọn díẹ̀ sí i.